Ta Ni Ó Ń Ṣọ́ Ìwé Ẹ̀gbá?

Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ló mọ̀ pé Abẹ́òkúta ni wọ́n ti kọ́kọ́ tẹ ìwé ìròyìn jáde ní èdè Yorùbá. Ọ̀pọ̀ ló lè dárúkọ Henry Townsend tó tẹ̀ ẹ́, tí wọ́n sì lè sọ pé ọdún 1859 ni. Ṣùgbọ́n bí a bá bi ọgọ́rùn-ún ọmọ Ẹ̀gbá léèrè pé ta ni ó ń tọ́jú ìwé tí àwọn baba ńlá wọn kọ sílẹ̀ láti ìgbà náà wá, agbára káká ni a ó fi rí ẹnì kan tí yóò lè dárúkọ ẹyọ ènìyàn kan. A mọ ẹni tó kọ̀wé, a mọ ẹni tó tẹ̀wé, a mọ ọba tí ìwé ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ẹni tí kò jẹ́ kí ikán jẹ ìwé náà ni a kò mọ̀.

Àìmọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Ìwé kì í pa ara rẹ̀ mọ́. Ibikíbi tí àkọsílẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún bá ṣì wà, ẹnì kan wà níbẹ̀ tí a gbà síṣẹ́ láti ṣọ́ ọ, tí a kọ́ níṣẹ́ náà, tí a sì fún ní àṣẹ láti sọ fún ọ̀gá àgbà pé, "Ẹ má da èyí nù." Ibi tí kò bá sí irú ẹni bẹ́ẹ̀, òjò, iná, eku àti ikán ni yóò jogún ìtàn ibẹ̀. Ilẹ̀ Ẹ̀gbá lè jẹ́rìí sí èyí, nítorí ó ti jìyà àìsí olùtọ́jú ìwé rí, ó sì ti jèrè wíwà rẹ̀.

Nígbà tí ìrántí jẹ́ iṣẹ́

Kí ìwé tó dé, Yorùbá kò fi ìrántí ìlú sílẹ̀ fún ẹni tó bá kàn wà nítòsí. Ní ààfin Ọ̀yọ́, ọwọ́ àwọn arókin ni iṣẹ́ náà wà. Wọ́n mọ orúkọ àwọn ọba tó ti jẹ, wọ́n mọ ogun tí a jà àti ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ayé ọba kọ̀ọ̀kan. Láti kékeré ni ọmọ ti ń kọ́ iṣẹ́ yìí lẹ́sẹ̀ baba rẹ̀. Wọ́n ní olórí tó ń jẹ oyè, ààfin ni wọ́n sì ti ń jẹun. Kò sí ẹni tó lè jí lówùúrọ̀ ọjọ́ kan kó ní òun ti di arókin. Àwọn baba wa mọ̀ pé bí a bá fẹ́ kí ọ̀rọ̀ pẹ́ nílẹ̀, a gbọ́dọ̀ fi ẹni tó mọṣẹ́ tì í, kí a sì fún ẹni náà ní ipò.

Nígbà tí ìwé dé, a gba ìwé, ṣùgbọ́n a kò rántí láti mú ipò arókin fún ẹni tí yóò máa tọ́jú rẹ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ìwé ìtàn Yorùbá tí Àlùfáà Samuel Johnson kọ jẹ́ àpẹẹrẹ tí kò yẹ kí a gbàgbé. Ní 1897 ni ó parí rẹ̀, ó sì fi í ránṣẹ́ sí àwọn atẹ̀wé nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìwé náà sọnù sọ́hùn-ún. Johnson kú ní 1901, kò rí i kí ó jáde. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, ló fi àkọsílẹ̀ tí olóògbé fi sílẹ̀ tún un kọ, tí ó fi wá jáde ní 1921. Bí kì í bá ṣe pé ẹnì kan tọ́jú àwọn àkọsílẹ̀ náà, ìwé tí gbogbo ayé ń tọ́ka sí lónìí nípa Yorùbá kò bá má sí rárá.

Ọjọ́ tí Ìfọ́lé dé

Ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá fúnra rẹ̀, àdánù náà tilẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ ṣáájú ìyẹn. Townsend wọ Abẹ́òkúta ní oṣù Kìíní 1843, nígbà tí Ṣódẹkẹ́ ṣì wà láyé. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kejìlá 1859, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ Ìwé Ìròyìn fún Àwọn Ará Ẹ̀gbá àti Yorùbá. Fún nǹkan bí ọdún mẹ́jọ ni ìwé náà fi ń jáde, tó ń ròyìn ìjọ, ọjà, ogun àti ìṣẹ̀lẹ̀ inú ìlú.

Ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹwàá 1867, gbogbo rẹ̀ dópin. Inú Ẹ̀gbá ti bàjẹ́ sí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Èkó nítorí ọ̀rọ̀ ààlà àti owó ibodè, ìbínú náà sì já lé àwọn òyìnbó ajíhìnrere lórí. Wọ́n kọlu àwọn ilé ìjọsìn àti ilé àwọn ajíhìnrere, wọ́n kó ẹrù, wọ́n ba ẹ̀rọ ìtẹ̀wé jẹ́. Ìfọ́lé ni Ẹ̀gbá ń pe ọjọ́ náà títí di òní. Ìwé Ìròyìn kò jáde mọ́.

Kí ló wá dé tí àwọn onímọ̀ ìtàn fi mọ ohun púpọ̀ tó báyìí nípa Abẹ́òkúta ṣáájú Ìfọ́lé? Ìdí ni pé àwọn ajíhìnrere, òyìnbó àti ọmọ Yorùbá bí Samuel Àjàyí Crowther, a máa kọ ìwé ìjábọ̀ ránṣẹ́ sí olú iléeṣẹ́ ìjọ wọn ní Lọ́ńdọ̀nù. Àwọn ará ibẹ̀ kò da ìwé náà nù. Wọ́n tò ó, wọ́n fún un ní nọ́ńbà, wọ́n sì tọ́jú rẹ̀ fún èyí tó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún. Lónìí, Yunifásítì Birmingham ni ó wà. Ọmọ Ìtòkò tàbí Ìkìjà tó bá fẹ́ ka ohun tí wọ́n kọ nípa àdúgbò rẹ̀ ní 1850, ìlú òyìnbó ni yóò kọ́kọ́ kọjú sí.

Àwọn kan a máa bínú sí èyí, ìbínú náà sì ní ìdí. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ inú rẹ̀ kọjá ìbínú. Kì í ṣe pé takàdá ilẹ̀ òyìnbó le ju tiwa lọ. Ohun tó yàtọ̀ ni pé ẹnì kan wà níbẹ̀ tí títọ́jú rẹ̀ jẹ́ iṣẹ́ oòjọ́ rẹ̀.

Ìjọba lọ, ìwé kù

Ẹ̀gbá kò tìtorí Ìfọ́lé pa ìwé tì. Ní oṣù Kìíní 1893, wọ́n bá Gómìnà Gilbert Carter ti Èkó tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn tó gbà pé Ẹ̀gbá yóò máa dá ìjọba ara rẹ̀ ṣe. Ní 1898, wọ́n dá Ìjọba Ìṣọ̀kan Ẹ̀gbá sílẹ̀ lábẹ́ Aláké Gbádébọ̀ Kìíní. Ìjọba náà ní akọ̀wé àgbà, ó ní ilé ìṣúra, ó ní ilé ẹjọ́, ó sì ń tẹ ìwé ìkéde tirẹ̀. Láti 1902, Adégbóyèga Ẹ̀dun ni akọ̀wé ìjọba yìí. Ohun gbogbo ni a ń kọ sílẹ̀: owó ibodè tó wọlé, ẹjọ́ tí a dá, lẹ́tà tó lọ sí Èkó àti èsì tó ti ibẹ̀ bọ̀.

Òmìnira náà parí ní 1914, lẹ́yìn tí àwọn ọmọ ogun ìjọba amúnisìn yìnbọn pa ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Ìjemọ̀ ní oṣù Kẹjọ ọdún náà. Ìjọba lọ, ṣùgbọ́n ìwé kù ní Aké. Ìgbìmọ̀ tó rọ́pò ìjọba náà ń bá a lọ láti kọ tirẹ̀ kún un ní ìgbà ayé Aláké Ládàpọ̀ Adémọ́lá Kejì, ẹni tó jọba láti 1920 títí di 1962.

Nígbà tí Sàbúrì Bíòbákú, ọmọ Ẹ̀gbá, ń ṣe ìwádìí fún oyè ọ̀mọ̀wé tó gbà ní Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù ní 1951, ìwé Aké wà lára ohun tó kà. Láti inú iṣẹ́ náà ni ìwé rẹ̀ lórí Ẹ̀gbá àti àwọn aládùúgbò wọn láàárín 1842 sí 1872 ti jáde ní 1957. Títí di òní, kò sí ẹni tó lè kọ ìtàn Abẹ́òkúta kí ó fo ìwé náà kọjá.

Lẹ́yìn rẹ̀ ni Judith Byfield, onímọ̀ ìtàn kan ní Amẹ́ríkà, lo àkọsílẹ̀ Ìgbìmọ̀ Ẹ̀gbá láti kọ ìtàn àwọn obìnrin aláró Abẹ́òkúta. Nínú rẹ̀ ni a ti kà nípa ìjà ọdún 1936, nígbà tí Aláké fòfin de sódà àti aró òyìnbó nínú iṣẹ́ àdìrẹ, tí àwọn aláró kọ̀ jálẹ̀, tí ìgbìmọ̀ ìwádìí sì jókòó lé ọ̀rọ̀ náà. Púpọ̀ nínú àwọn obìnrin wọ̀nyẹn kò mọ̀ọ́kọ, wọn kò mọ̀ọ́kà. Akọ̀wé kan ló kọ ohun tí wọ́n sọ sílẹ̀, ẹlòmíràn tọ́jú fáìlì náà, ìdí nìyẹn tí ohùn wọn fi dé etí wa. Bí ẹni kejì yìí kò bá sí, iṣẹ́ ẹni àkọ́kọ́ ì bá ti ṣòfò.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti. Láti 1918 ni wọ́n ti ń gba owó orí lọ́wọ́ obìnrin ní Abẹ́òkúta, yàtọ̀ sí èyí tí ọkọ wọn ń san. Ní 1947, Ẹgbẹ́ Àwọn Obìnrin Abẹ́òkúta dìde sí i. Ìjà náà le tó bẹ́ẹ̀ tí Adémọ́lá fi kúrò lórí ìtẹ́ ní oṣù Kìíní 1949, kò sì padà títí di ìparí 1950. Àwọn ìwé Ransome-Kuti wà ní ilé ìkàwé Kenneth Dike ní Yunifásítì Ìbàdàn, níbi tí àwọn tó kọ ìtàn ayé rẹ̀ ti kà wọ́n. Gbogbo wa la mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ilé ọmọ rẹ̀, Fẹlá, ní Èkó ní ọjọ́ 18 oṣù Kejì 1977, nígbà tí àwọn sójà dáná sun ún. Bó bá jẹ́ pé inú ilé yẹn ni àwọn ìwé ìyá náà wà, eérú ni à bá máa kà lónìí.

Kí ni iṣẹ́ yìí gan-an?

Dike tí a fi orúkọ rẹ̀ pe ilé ìkàwé yìí ni ẹni tó kọ́kọ́ gbé iṣẹ́ olùpamọ́ àkọsílẹ̀ kalẹ̀ ní Nàìjíríà. Kenneth Onwuka Dike, onímọ̀ ìtàn ọmọ Ìgbò láti Awka, rìn káàkiri àwọn ọ́fíìsì ìjọba láàárín 1951 sí 1953 láti wo ipò tí ìwé wọn wà. Ìjábọ̀ rẹ̀ ni ó bí iléeṣẹ́ tí ìjọba dá sílẹ̀ ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹrin 1954. Òfin ọdún 1957 sọ ọ́ di Ilé Ìpamọ́ Àkọsílẹ̀ ti Orílẹ̀-èdè, èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè ní ákáífù. Ilé rẹ̀ ṣì wà nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn, ó ní ẹ̀ka ní Enugu, ní Kaduna àti ní àwọn ìlú mìíràn. Ó ní ẹ̀ka ní Abẹ́òkúta pẹ̀lú, níbi tí àkọsílẹ̀ Ìgbìmọ̀ Ẹ̀gbá wà.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé kí a kó ìwé sínú yàrá kí a ti ilẹ̀kùn ni iṣẹ́ náà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Olùpamọ́ àkọsílẹ̀ ní láti mọ ọ́fíìsì tí ìwé kọ̀ọ̀kan ti wá, kí ó má pa ti ilé ẹjọ́ pọ̀ mọ́ ti ilé ìṣúra, nítorí pé fáìlì kan ló ń ṣàlàyé èkejì. Bí ẹnì kan bá fi ìfẹ́ rere tú wọn ká, tó to wọn bí ó ti wù ú, ó ti ba ẹ̀rí jẹ́ láìya takàdá kankan. Ó ní láti mọ èyí tí a lè dà nù àti èyí tí a kò gbọ́dọ̀ dà nù, nítorí kò sí ìjọba tó lè pa gbogbo ìwé rẹ̀ mọ́. Ó ní láti mọ bí a ti ń dáàbò bo ìwé lọ́wọ́ ooru, ọ̀rinrin àti kòkòrò. Ó ní láti mọ ẹni tí òfin gbà láyè láti wo ohun kan àti ìgbà tó lè wò ó. Lékè gbogbo rẹ̀, ó gbọ́dọ̀ lè dúró níwájú adájọ́ kí ó sọ pé, "Ìwé yìí kò kúrò lọ́wọ́ wa láti ìgbà tí a ti gbà á."

Ipò rẹ̀ ní ilẹ̀ mìíràn

Àwọn orílẹ̀-èdè tó ti mọ ìwúlò èyí tipẹ́ kò fi iṣẹ́ náà ṣeré. Ní ilẹ̀ Faransé, láti 1821 ni ilé ẹ̀kọ́ àgbà kan ti wà ní Paris fún àwọn tí yóò máa tọ́jú àkọsílẹ̀ ìjọba, èyí tí wọ́n ń pè ní École des chartes. Ìdánwò àṣeyege ni wọ́n fi ń wọlé, ìjọba sì ń san owó oṣù fún àwọn ọmọ Faransé tó bá yege láti ìgbà tí wọ́n ṣì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe òfin ilé ìpamọ́ àkọsílẹ̀ ìjọba ní 1838, àwọn yunifásítì rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ni níṣẹ́ náà ní 1947.

Ní Amẹ́ríkà, Ààrẹ ló ń yan olórí ilé ìpamọ́ àkọsílẹ̀, Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àgbà ló sì ń fọwọ́ sí i, bí wọ́n ti ń ṣe fún mínísítà. Agbára ipò yìí hàn ní oṣù Kìíní 2022, nígbà tí iléeṣẹ́ náà gba àpótí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún padà láti ilé Donald Trump ní Florida, nítorí pé òfin ọdún 1978 sọ pé ìwé Ààrẹ kì í ṣe ti Ààrẹ, ti ìlú ni. Ṣùgbọ́n ní oṣù Kejì 2025, lẹ́yìn tí Trump ti padà sípò, ó yọ olórí iléeṣẹ́ náà kúrò. Ipò tí a kò bá dáàbò bò, àní ní Amẹ́ríkà, a lè gbà á lọ́wọ́ ẹni.

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú kọ́ ọgbọ́n tirẹ̀ pẹ̀lú ìtìjú. Ní 2010, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ abẹ́lé níbẹ̀ ba àwọn káàdì tí a fi ṣe àkọsílẹ̀ àwọn tó wọ ọkọ̀ ojú omi wá láti erékùṣù Karibíánì jẹ́, wọ́n ní kò wúlò mọ́. Nígbà tó di 2018, gbogbo ayé gbọ́ nípa àwọn àgbàlagbà tó ti gbé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti kékeré, tí wọ́n pàdánù iṣẹ́, tí a kọ̀ láti tọ́jú ní ilé ìwòsàn, tí a tilẹ̀ dá àwọn mìíràn padà, nítorí pé wọn kò rí ìwé tí wọn yóò fi jẹ́rìí ara wọn. Ohun tí ọ́fíìsì kan kà sí pàǹtí lè jẹ́ ẹ̀rí kan ṣoṣo tí ènìyàn ní láyé.

Kò pọn dandan kí a tilẹ̀ rìn jìnnà. Gánà ṣe òfin ní 1997 tó so ilé ìpamọ́ àkọsílẹ̀ pọ̀ mọ́ àbójútó ìwé nínú gbogbo ọ́fíìsì ìjọba. Ìtumọ̀ èyí ni pé láti ọjọ́ tí a bá ti ṣí fáìlì ni ẹni tó mọṣẹ́ ti ń mójú tó o. Wọn kì í dúró títí tí ìwé yóò fi gbó kí wọ́n tó wá ẹni tí yóò gbà á là.

Òfin wà, ipò ni kò sí

Nàìjíríà kò ṣaláìní òfin. Òfin ọdún 1992 lórí ilé ìpamọ́ àkọsílẹ̀ kò gbà kí ọ́fíìsì ìjọba kan ba ìwé ìjọba jẹ́ láìgba àṣẹ olórí iléeṣẹ́ náà. Òfin òmìnira ìròyìn ọdún 2011 pàṣẹ pé kí gbogbo iléeṣẹ́ ìjọba máa tọ́jú ìwé wọn létòlétò, ó sì fi ẹ̀wọ̀n tí kò dín ní ọdún kan lélẹ̀ fún òṣìṣẹ́ tó bá mọ̀ọ́mọ̀ ba ìwé jẹ́ tàbí tó yí i padà.

Ṣùgbọ́n òfin kò ní ọwọ́ tí yóò fi gbé fáìlì kúrò níbi tí òjò ti ń kán. Ènìyàn ni yóò gbé e. Àwọn tó ń tọ́jú ilé ìkàwé ní ìgbìmọ̀ tí òfin gbé kalẹ̀ fún wọn ní 1995, tó ń forúkọ wọn sílẹ̀ tó sì ń ṣọ́ ìlànà iṣẹ́ wọn. Àwọn olùpamọ́ àkọsílẹ̀ ti dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀ ní 1982, ọdún mẹ́tàlá ṣáájú òfin yẹn. Yunifásítì Ìbàdàn sì ń kọ́ni níṣẹ́ náà títí dé oyè gíga. Síbẹ̀, nínú ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì ìjọba àti ti ìbílẹ̀, ẹni tí wọ́n kò rí iṣẹ́ mìíràn fún ni wọ́n máa ń gbé lọ sí yàrá fáìlì. Kò sí ẹni tí yóò ní kí awakọ̀ wá ṣiṣẹ́ abẹ ní ilé ìwòsàn. Ṣùgbọ́n wọn yóò ní kí ẹnikẹ́ni wá ṣọ́ ìwé ọgọ́rin ọdún.

Àwọn kan yóò ní ebi ń pa ìlú, ta ló ń sọ̀rọ̀ ìwé àtijọ́? Kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bi òṣìṣẹ́ fẹ̀yìntì léèrè. Nígbà tí wọ́n bá ní kó mú ìwé ìgbàsíṣẹ́ tó gbà ní ogójì ọdún sẹ́yìn wá, tí ọ́fíìsì tó fún un kò sì rí ẹ̀dà tirẹ̀ mọ́, ebi àti ìwé àtijọ́ ti di ọ̀rọ̀ kan náà.

Kó tún bi àwọn tó ń du ilẹ̀ léèrè. Láti Ìfọ̀ dé Ọbáfẹ́mi-Òwódé, ilẹ̀ Ẹ̀gbá ti di ohun tí gbogbo ayé ń wá bí Èkó ti ń gbòòrò bọ̀. Òfin ẹ̀rí ti Nàìjíríà sọ pé ìwé tó bá ti pé ogún ọdún, tó sì ti ibi ìtọ́jú tó yẹ wá, ilé ẹjọ́ lè gbà pé ojúlówó ni. Ẹ kíyè sí i: ọjọ́ orí ìwé nìkan kò tó, ibi tó ti wá ṣe pàtàkì. Ìdílé tí àkọsílẹ̀ ẹjọ́ ilẹ̀ baba wọn wà nílé ìpamọ́ tó létò ní ohun tí wọ́n lè gbé síwájú adájọ́. Èyí tí tirẹ̀ ti jẹrà, ẹnu nìkan ló kù fún un, àwọn tó ń ṣe ayédèrú ìwé sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Bákan náà ni ọ̀rọ̀ oyè. Nígbà tí ìtẹ́ bá ṣófo, tí ìdílé kan ní òun ló kàn, ìwé tí a tọ́jú dáadáa a máa pa iná ìjà kó tó ràn.

Ẹlòmíràn yóò ní kọ̀ǹpútà ti dé, kí a ya gbogbo rẹ̀ sórí ẹ̀rọ kó parí. Ó dára kí a yà á. Ṣùgbọ́n ta ni yóò pinnu èyí tí a ó kọ́kọ́ yà? Ta ni yóò kọ nọ́ńbà tí a ó fi rí i padà? Ta ni yóò gbé e láti orí ẹ̀rọ tó ti gbó sí orí tuntun ní ọdún mẹ́wàá sí i? Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Kọ̀ǹpútà tí kò ní olùtọ́jú tó mọṣẹ́ a tètè gbàgbé ju takàdá lọ.

Ọdún 2030 ń bọ̀

Abẹ́òkúta ti fi hàn pé òun lè ṣe é. Ní oṣù Kẹta 2017 ni wọ́n ṣí ilé ìkàwé Ààrẹ Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ níbẹ̀, ilé ńlá tí ìwé àti àkọsílẹ̀ ẹnì kan tó ṣe olórí Nàìjíríà wà. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ìlú mẹ́rin tó para pọ̀ di Ẹ̀gbá, ìyẹn Aké, Òkè-Ọnà, Gbágùúrá àti Òwu, ní ìwé tiwọn. Ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tó wà nílẹ̀ Ẹ̀gbá ń kọ tiwọn lójoojúmọ́. Ìjọ, mọ́ṣáláṣí, ẹgbẹ́ ọlọ́jà àti ilé ìwé tó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún ní tiwọn nínú àpótí àti lábẹ́ ibùsùn. Wọn kò nílò ilé ńlá. Ẹnì kan tó kọ́ṣẹ́ nínú ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan, tí owó oṣù rẹ̀ ń wọlé déédéé, tó ní yàrá tí kò jò àti àṣẹ láti gba ìwé lọ́wọ́ àwọn ọ̀gá, yóò ṣe ju ilé olówó iyebíye tí kò sí ẹni tó mọṣẹ́ nínú rẹ̀ lọ.

Ní 1830 ni Ẹ̀gbá tẹ Abẹ́òkúta dó. Nígbà tí ìlú pé ọgọ́rùn-ún ọdún ní 1930, wọ́n kọ́ gbọ̀ngàn ìrántí tó ṣì wà ní Aké títí di òní. Ní 2030, ìlú yóò pé igba ọdún. Wọn yóò dá aṣọ ẹgbẹ́, ìlù yóò dún, àwọn olóṣèlú yóò sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti ká àga nílẹ̀, ó yẹ kí nǹkan kan kù. Bó bá jẹ́ pé ohun tó kù ni àwọn ọmọ Ẹ̀gbá mélòó kan tí ìlú rán lọ kọ́ṣẹ́ ìpamọ́ àkọsílẹ̀, tí a sì fún ní ipò tí arókin ní ní ààfin Ọ̀yọ́, ẹni tí yóò kọ ìtàn ayẹyẹ náà ní ọdún 2130 kò ní nílò láti wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ sí Birmingham kó tó mọ ohun tí a ṣe.